Ẹ má tíì ta kọ̀ǹpútà yẹn, ẹrù ẹ̀ ló pọ̀ jù!

Lọ́dún 1983, nígbà tí wọ́n ń ṣe kọ̀ǹpútà Macintosh lọ́wọ́ nílé-iṣẹ́ Apple l'Amẹ́ríkà, ọ̀gá wọn, Steve Jobs, já wọlé tọ Larry Kenyon, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀, ó ní ẹ̀rọ yìí ń pẹ́ jù kó tó jí. Ìyẹn ń to àlàyé kalẹ̀, ọ̀gá ò tiẹ̀ gbọ́. Ó ní bí èèyàn mílíọ̀nù 5 bá ń tan án lójoojúmọ́, tí wọ́n bá gé ìṣẹ́jú àáyá 10 péré kúrò níbẹ̀, ẹ̀mí bíi 12 ni wọ́n gbà là lọ́dún kan yẹn. Ẹnu ọ̀gá lẹ gbọ́ yẹn o, ó bù mọ́ ọn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣírò ẹ̀ á rí i pé àsìkò ọ̀hún lé ní 570 ọdún. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Kenyon ti gé ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ kúrò.

Ta ni yóò wá ṣe irú ìṣirò yẹn fún akọ̀wé tó dé ọ́fíìsì láàárọ̀, tó tẹ bọ́tìnnì, tí kọ́sítọ́mà dúró tì í, tí ẹ̀rọ kàn ń kùn bí oyin? Tí iná bá tún lọ lọ́sàn-án, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ibẹ̀ làwọn kan ti máa ń sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ẹ̀ ti darúgbó, kó tà á, tàbí kí wọ́n bá a 'format' ẹ̀, kí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ pa rẹ́. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, ètò kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ inú ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ń jí, á yẹ gbogbo ara ẹ̀rọ wò. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ jí Windows, tó jẹ́ olórí ètò, níbi tó sùn sí nínú dísìkì, á gbé e wá sínú mẹ́mórì. Ibi méjì ló ti máa ń há.

Àkọ́kọ́ ni dísìkì. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́, àwo tó ń yí ni, ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan á máa sáré lórí ẹ̀, á máa ṣa fáìlì kéékèèké káàkiri bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. SSD tó wà lóde báyìí ò ní ohun tó ń yí rárá. Ibi tí fáìlì bá wà, ó ti mú un.

Èkejì làwọn àlejò tẹ́nikẹ́ni ò pè. Ọ̀pọ̀ ètò táwọn èèyàn gbé sórí kọ̀ǹpútà ló ti forúkọ sílẹ̀ pé bí Windows bá ti ń jí, kó jí òun náà. Tí 15 bá jí lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo wọn ń du dísìkì kan, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Microsoft dá ọgbọ́n kan sí i nígbà tí wọ́n gbé Windows 8 jáde lọ́dún 2012. Tẹ́ ẹ bá pa á, á kọ bí inú ẹ̀ ṣe rí sínú dísìkì, tílẹ̀ bá mọ́, á kàn kà á padà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe ségesège, 'Restart' ló ń tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 'Shut down'.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Task Manager á yọjú. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Startup sí, kẹ́ ẹ 'disable' àwọn tẹ́ ẹ ò nílò láàárọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì o. Tó bá ṣì ń wọ́, tó sì jẹ́ dísìkì aláwo ló wà níbẹ̀, ẹ kó fáìlì yín pamọ́, kí wọ́n fi SSD pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ ta kọ̀ǹpútà ọ̀hún fóun ní gbàǹjo, ẹ wo ojú ẹ̀ dáadáa!