OWÓ ÌLERA ÀWỌN OLÙKỌ́

Ẹni tí ó dá àjọ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìṣirò lọ́wọ́ alájọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni a gbé ka iwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ilé-Ogbó àti ẹ̀yin àgbẹ̀ agbègbè Ìwó, nítorí àríyànjiyàn lórí owó adójútòfò ìlera tí a ń yọ lára oṣù àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba.

Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ètò náà ní 1999. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005. Òfin 2022 sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará ìlú. Àwọn ìpínlẹ̀ náà, títí kan Ọ̀ṣun, ti dá tiwọn sílẹ̀.

A kò lòdì sí ètò yìí. Nínú àjọ, iye tí olúkúlùkù dá ni yóò kó. Nínú adójútòfò, owó ẹni tí ara rẹ̀ le ni a fi ń tọ́jú ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Nítorí náà, olùkọ́ tí kò ṣàìsàn lọ́dún kan kò lè wí pé a rẹ́ òun jẹ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí a ń yọ owó rẹ̀ lóṣooṣù, tí ó gbé ọmọ rẹ̀ dé ilé-ìwòsàn, tí a sì ní kí ó lọ ra oògùn níta, òun ni a rẹ́ jẹ.

Iye kan ni ó yẹ kí ilé-ìwòsàn máa gbà lóṣooṣù lórí olúkúlùkù ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ìbáà ṣàìsàn, ìbáà má ṣàìsàn. Bí owó náà bá pẹ́ lọ́nà, oògùn yóò tán, aláìsàn ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè kò le. Kí ìjọba san ìpín tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá yọ ti olùkọ́. Kí a máa ka ìṣirò owó náà sétí gbogbo ayé lọ́dọọdún. Kí Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní 1931, ní ohùn níbi tí a ti ń ná an. Kí olùkọ́ tí ń kọ́ni ní Ilé-Ogbó sì rí ìtọ́jú gbà nítòsí.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má ṣe wí pé ọ̀ràn olówó-oṣù ni èyí. Àwọn olùkọ́ ni ó ru ẹrù ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé kalẹ̀ ní 1955. Àwọn ni ó sì ń kọ́ ọmọ yín lónìí. Dandan tí òfin 2022 wí kàn yín pẹ̀lú. Bí olùkọ́ tí ó ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn kò bá rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà, ta ni yóò gba ti àgbẹ̀ tí yóò fi owó kòkó rẹ̀ dá a? Ìjà olùkọ́ yìí, ìjà gbogbo wa ni.