Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Tí A Gbà Tọ́ Rí Ìwé Ìbí Rẹ̀: Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ọlọ́lá Jùlọ,

Mo ń kọ̀wé sí yín láti Ìkirè, ìlú tí ó múlé ti Apòmù. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kóòtù fi lé alágbàtọ́ lọ́wọ́ ní kékeré ni mo bá wá, àwọn tí wọ́n ti di géńdé àti abilékọ báyìí, tí wọ́n ń wá ilé tí a ti bí wọn, tí wọn kò sì mọ ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò kàn.

Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wo ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó jókòó níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, tí àwọn àna ń bi í bóyá ọmọ Oníkòyí ni tàbí ọmọ Ọ̀pómúléró, tí ìyá tí ó fi ọmú ìfẹ́ tọ́ ọ dàgbà sì dorí kodò nítorí pé òun náà kò mọ̀. Ẹ wo bàbá tí dókítà ń bi léèrè ẹni tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde nínú ìran rẹ̀, tí kò rí èsì kan fọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó sọ ojúlé nù kò ṣàjèjì sí wa. Ọjà Apòmù ni wọ́n ti ń jí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ gbé tà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìwà ìkà yìí sì wà lára ohun tí ó dá ogun tí ó tú Òwu sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyẹn ni kò sẹ́ni tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ti àwọn tí mo ń ṣìpẹ̀ fún wà lákọsílẹ̀: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ wa náà ti sọ di tirẹ̀, ní kí a máa tọ́jú ìwé orúkọ àwọn ọmọ tí a gbà ṣọmọ, ó sì fi kọ́kọ́rọ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ kóòtù.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ pàṣẹ kí a tẹ ìlànà tí ènìyàn fi ń béèrè láti rí àkọsílẹ̀ yìí ní èdè Yorùbá, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé ní Ìkirè àti ti Ìṣọ̀kan ní Apòmù: kóòtù tí a ń kọ̀wé sí, ìwé tí ènìyàn yóò mú dání, iye owó rẹ̀, àti ọjọ́ tí èsì yóò dé. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé àbádòfin síwájú ilé aṣòfin pé ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18 ní ẹ̀tọ́ sí àkọsílẹ̀ ìbí tirẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1975, wọ́n sì ní kí àwọn tí a ti gbà ṣọmọ ṣáájú òfin náà kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú olùdámọ̀ràn, kí ohun tí wọn yóò kà má baà bá wọn lójijì.

Mo mọ̀ pé ìyá kan lè wà tí ó ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àṣírí láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹ dáàbò bò ó: kí òṣìṣẹ́ ìjọba lọ bi í ní kọ̀rọ̀ bí ó bá fẹ́ rí ọmọ náà, kí wọ́n tó júwe ilé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin alágbàtọ́ náà, ẹ má fòyà, nítorí ọmọ tí ẹ tọ́ dáadáa kò ní fi mímọ orírun kọ̀ yín.

Ọlọ́lá Jùlọ, ìwé ti wà, òfin ti wà. Àṣẹ yín ni ó kù. Ẹ pa á kí sáà yín tó parí.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Ìkirè kan.