Kúsínẹ́ Elétí: Òrùka Kékeré Tí Ó Ń Dá Ẹ̀rọ Ńlá Dúró

Ní ojú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ ìtàn, oríkì àti ìwé kíkà ni a sábà máa ń sọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ irin ni a mú wá. Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu. Kò sí ẹni tí ó ń jẹ gàrí ní ilẹ̀ wa tí kì í jẹ nínú iṣẹ́ Ògún.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, a lọ kí àwọn ìbátan wa ní abúlé kan ní agbègbè Sábẹ̀. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì ra ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ẹ̀rọ náà ti dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Òkìtì gbágùúdá wà lẹ́bàá ilé ẹ̀rọ, òórùn rẹ̀ sì ti yí padà. Ẹni tí ó mọ gbágùúdá mọ̀ pé bí a bá ti hú u kúrò nílẹ̀, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Àwọn ìyá náà jókòó, wọ́n ń wo iṣẹ́ oṣù púpọ̀ bí ó ti ń jẹrà lójú wọn.

A bèèrè ohun tí ó bàjẹ́. Ìyá tí í ṣe olórí ẹgbẹ́ la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi òrùka irin kan hàn wá, tí kò tóbi ju ẹnu ìgò lọ. Ó ní: “Ọmọ mi, ohun tí ó so wá lọ́wọ́ nìyí.”

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Kúsínẹ́ inú ẹ̀rọ ti jẹ tán. Ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe kò rí irú rẹ̀ rà, ó gé páìpù omi onírin, ó sì fi òòlù kàn án wọlé dípò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tú u, páìpù náà ti gbẹ́ kòtò sára ọ̀pá irin tí ó ń yí. Kúsínẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni a kò rí rà. Ní báyìí, ọ̀pá tí owó rẹ̀ pọ̀ gan-an ni ó kù láti gbé lọ sọ́dọ̀ tourneur ní ìlú.

A kò dá ẹni tí ó tún un ṣe lẹ́bi. Ohun tí ó mọ̀ ni ó ṣe. Àwa gan-an ni ọ̀rọ̀ náà dùn. Ó pẹ́ tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìṣirò ìtẹ̀ àti eré, tí a ń kọ ọ́ sára pátákó, tí wọ́n sì ń dà á kọ. A kò mú wọn dé ìdí ẹ̀rọ ìyá wọn rí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a san díẹ̀ nínú gbèsè yẹn níhìn-ín.

Kí ni kúsínẹ́? Nínú ẹ̀rọ tí ó ń yí, ọ̀pá kan wà tí ń yí, ara ẹ̀rọ sì wà tí kì í yí. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni ìjà wà. Láti pẹ̀tù sí ìjà náà, a fi òrùka gígùn kan sáàárín wọn. Àwọn Faransé ń pè é ní coussinet, èyí tí ó túmọ̀ sí tìmùtìmù kékeré. Kò ní ọta wẹ́wẹ́ nínú bíi ti roulement. Inú rẹ̀ ń dán, ọ̀pá sì ń yọ̀ nínú rẹ̀ lórí epo.

Òfin àkọ́kọ́ nìyí: kúsínẹ́ gbọ́dọ̀ rọ̀ ju ọ̀pá lọ. Kí ohun tí owó rẹ̀ kéré jẹ, kí èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ lè wà. Ìdí nìyí tí a fi ń fi idẹ ṣe é, ìyẹn bàbà tí a pò mọ́ étain. Bí irin bá ń gbo irin, tí epo bá sì gbẹ, àwọn méjèèjì á máa já ara wọn jẹ ni. Ohun tí páìpù ṣe fún ọ̀pá àwọn ìyá wa nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ etí ló kàn. Kúsínẹ́ kan wà tí ó rí gbọọrọ láìní etí. Òmíràn ní etí ní ẹnu kan, bí fìlà tí etí rẹ̀ nà síta. Èyí ni coussinet à collerette. Bí ọ̀pá bá ń tẹ ilẹ̀ nìkan, tí kò sún síwájú tàbí sẹ́yìn, èyí tí kò létí tó. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá bá ń sún lọ sún bọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa gbo ara ẹ̀rọ. Etí yẹn ni yóò gba ìtì náà. Ó tún ń jẹ́ kí kúsínẹ́ mọ ibi tí yóò dúró sí nígbà tí a bá ń tì í wọlé. Ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá ní ìlù tí ń yí, bẹ́líìtì sì ń fà á láti ẹ̀gbẹ́ kan. Bí bẹ́líìtì bá wọ́ díẹ̀, ìlù á máa sún. Elétí ni ó yẹ ẹ́, méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí etí àwọn méjèèjì sì kọjú sí ìlù.

Kí a tó ra kúsínẹ́, ìbéèrè mẹ́ta ni kí a dáhùn: báwo ni ẹrù rẹ̀ ṣe wúwo tó? Báwo ni ọ̀pá ṣe ń yára yí tó? Irú ibo ni yóò ti ṣiṣẹ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mú gègé. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀pá tí ìwọ̀n ìdábùú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 25, nínú kúsínẹ́ tí ó gùn ní mílímítà 30. Kí ẹrù orí rẹ̀ jẹ́ newton 400, ìyẹn bí ẹrù kílò 40. A sọ 25 di púpọ̀ ní ọ̀nà 30, ó di 750. A pín 400 sí ọ̀nà 750, ìtẹ̀ jẹ́ 0,53 newton lórí mílímítà onígun mẹ́rin kan. Bí ọ̀pá bá ń yí ní ìgbà 900 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń yí ní ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyípo kan jẹ́ 3,14 lọ́nà 25, ìyẹn mílímítà 78,5. Ní ìgbà 15, eré rẹ̀ jẹ́ mítà 1,18 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. A wá sọ 0,53 di púpọ̀ ní ọ̀nà 1,18, ó di 0,63. Nọ́mbà ìkẹyìn yìí ni ó ń sọ bí kúsínẹ́ yóò ṣe gbóná tó. Ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní ààlà tí kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Idẹ kan wà tí a fi ìyẹ̀fun irin ṣe. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n fi iná mú un le, ihò wẹ́wẹ́ sì kún ara rẹ̀. Epo wọ inú àwọn ihò náà, ó sì máa ń tó bí ìdá kan nínú márùn-ún ara rẹ̀. Bí ọ̀pá bá ń yí, tí ara kúsínẹ́ gbóná, epo á yọ jáde. Bí ó bá tutù, epo á padà wọlé. Ààlà tirẹ̀ ń lọ sí 1,75, nítorí náà 0,63 kò ní in lára. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi gíríìsì sí i, kí ẹ má sì fi ayùn tàbí sáńpépà ha inú rẹ̀, nítorí méjèèjì ni ó ń dí àwọn ihò náà.

Ìbéèrè kẹta wá dé: irú ibo ni? Àwọn ìyá wa ń fi omi fọ ẹ̀rọ wọn lójoojúmọ́, omi gbágùúdá sì kan. Ìta gbágùúdá tó le máa ń gbá ìlù gììrì. Idẹ oníhò kò fẹ́ràn omi, kò sì fẹ́ràn gììrì. Níbi báyìí, idẹ tí a yọ́ dà, tí ó ní ojú ọ̀nà gíríìsì nínú, ni ó dára jù. Kúsínẹ́ ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní nylon ńkọ́? Ó ń mu omi, ó sì ń wú, ihò rẹ̀ á wá fún mọ́ ọ̀pá. Bí ó bá gbóná jù, ó ń yọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ó rọrùn.

Ẹ sì ṣọ́ra fún òjé. Irú idẹ kan tí ó wọ́pọ̀ ní ọjà ní òjé nínú, bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó lè yọ̀ dáadáa. Ó dára fún ẹ̀rọ tí kò kan oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń ṣe ohun tí àwọn ọmọ wa yóò jẹ, ẹ béèrè idẹ tí kò ní òjé, kí ẹ sì gbé kúsínẹ́ sí ìta àpótí gbágùúdá, kí ìyẹ̀fun rẹ̀ àti gíríìsì má baà kán sínú oúnjẹ.

Bí ẹ bá ń lọ sí ọjà, ẹ má ṣe wí pé “irú èyí ni mo fẹ́” lásán. Ẹ mú pied à coulisse, kí ẹ kọ nọ́mbà márùn-ún sílẹ̀: ìdábùú inú, ìdábùú ìta, gígùn, ìdábùú etí, àti nínípọn etí. Ẹ má ṣe wọn ọ̀pá níbi tí ó ti jẹ. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, níbi tí ó ṣì wà bí wọ́n ti ṣe é. Ìwé ìlànà àgbáyé ISO 4379 ni ó wà fún ìwọ̀n kúsínẹ́ idẹ, ISO 2795 sì wà fún èyí oníhò wẹ́wẹ́. Ẹni tí ó bá ní nọ́mbà márùn-ún yìí lọ́wọ́ lè ra ohun kan náà ní Kùtọnu tàbí ní Lómé. Kí ẹ sì rántí pé àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀pá àti kúsínẹ́, bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìdábùú ọ̀pá: fún ọ̀pá mílímítà 25, bí mílímítà 0,025 nìyẹn. Nígbà tí a bá tì í wọ àyè rẹ̀, inú rẹ̀ á fún díẹ̀, nítorí náà ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn tí ó wọlé.

Ohun kan kù, ó sì kéré ju gbogbo rẹ̀ lọ: òrùka rọ́bà tí àwọn Faransé ń pè ní passe-fil. Bí wáyà iná bá gba ihò pátákó irin kọjá, etí ihò yẹn mú bí ọ̀bẹ. Ẹ̀rọ ń gbọ̀n, wáyà ń gbo, títí bàbà inú rẹ̀ yóò fi hàn síta, tí gbogbo ara ẹ̀rọ yóò sì di iná. Àwa fúnra wa ti fi ọwọ́ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí, ní ibi ìlọta kan, ẹsẹ̀ wa sì wà nínú omi. Orí ló yọ wá. Òrùka rọ́bà tí kò tó owó búrẹ́dì kan ni kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo ìdábùú ihò, ìdábùú wáyà, àti nínípọn pátákó irin tí yóò há. Níbi tí epo ti ń ta, ẹ ra nitrile, nítorí epo ń sọ rọ́bà igi lásán di ẹ̀tẹ̀. Níbi tí ó ti gbóná púpọ̀, silicone ni.

A padà sí abúlé yẹn nígbà òjò. Ẹ̀rọ ń dún. Wọ́n ti tún ọ̀pá gbẹ́, wọ́n sì ti fi kúsínẹ́ elétí méjì sí i. Ọmọbìnrin kan tí ó wà ní ìwé kẹrin girama ni wọ́n fún ní àbójútó gíríìsì. Ó ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ ọjọ́ tí ó fi gíríìsì sí, ó sì ti kọ nọ́mbà márùn-ún yẹn sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ìyá olórí ẹgbẹ́ sọ fún wa pé òun kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n òun mọ ibi tí ìwé náà wà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí ó wà ní àdúgbò yín. Ẹ kí àwọn ìyá tí ń lò ó, ẹ ní kí wọ́n pa á. Bí ó bá dúró tán, ẹ di ọ̀pá rẹ̀ mú, kí ẹ mì í. Bí ó bá ń ró kọ̀kọ̀kọ̀, ẹ sọ fún wọn kí ó tó dákẹ́. Ó di ìgbà mìíràn o.