Ẹ Jẹ́ Kí Igbókọ̀dá Náà Sáré
Wọ́n ní ọmọ Ìlàjẹ mọ ọkọ̀ wà, kò mọ eré sá. Irọ́ ni! Ẹni tó ń fi àjẹ̀ wakọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé èémí rẹ̀ lè kúrú? Okpekpe ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó kì í ṣe ìlú ńlá, àmọ́ láti ọdún 2013 ni àwọn sárésáré Kẹ́ńyà àti Etiópíà ti ń wá sá eré kìlómítà 10 níbẹ̀. Èkó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, kìlómítà 42, ní 2016. Ṣé ìdajì rẹ̀, kìlómítà 21, ló wá pọ̀ jù fún Igbókọ̀dá? Ẹ ní títì wa kò dára. Ìdí tó fi yẹ ká sáré gan-an nìyẹn! Títì tí àlejò yóò gbà ni ìjọba ń tètè tún ṣe. Òkun ń jẹ Ayétòrò, a ké títí, etí ikún ni wọ́n kọ sí wa. Ẹ jẹ́ ká sáré, kí ayé lè wá wo ibi tí à ń gbé.