Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọ́ Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ohun tí mo ní í bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ àwọn ibùdó tí a ti ń kọ́ àwọn tí kò ríran bí wọn yóò ṣe fi ẹ̀rọ kàwé, tí wọn yóò sì fi kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀rọ̀ ìjọba àti ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò ríran bá wọ irú ibùdó bẹ́ẹ̀, tí ó sì jáde láìrí ìwé Yorùbá kan ṣoṣo kà, àwa tí a ń kọ èdè yìí ní ìpín nínú ẹ̀bi náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí a ti ń bọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ojú rẹ̀ fọ́ ní kékeré, Louis Braille, ni ó ṣe ètò ìwé tí a ń fi ìka ọwọ́ kà ní 1824, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15. Irin ṣóńṣó ni wọ́n fi ń gún àmì rẹ̀ sórí pépà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1951 ni ẹ̀rọ Perkins jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí ń tẹ gbogbo àmì lẹ́tà kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ilẹ̀ tiwa, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960 ni ẹgbẹ́ Federal Nigeria Society for the Blind ti dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣòdì, níbi tí àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn fọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, bíréèlì àti bí a ṣe ń tẹ taipuráítà. Ní 1962 ni ilé ẹ̀kọ́ Pacelli bẹ̀rẹ̀ ní Sùúrùlérè fún àwọn ọmọdé. Ní 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé. Ní 1989 ni Ted Henter, ará Amẹ́ríkà tí ojú rẹ̀ fọ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀, gbé JAWS jáde, ètò tí ń fi ohùn ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà síta. Owó gọbọi ni wọ́n ń ta á. Ní 2006 ni Michael Curran, ará Australia tí òun náà kò ríran, bẹ̀rẹ̀ NVDA, èyí tí a kò sanwó fún. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ gan-an ni wọ́n jókòó ṣe é. Báyìí ni ibùdó tí a ti ń hun apẹ̀rẹ̀ ṣe di ibùdó tí a ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n níbo ni èdè wa wà nínú gbogbo ìlọsíwájú yìí? Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní kíláàsì wa tí kò ríran. Ó mọ oríkì, ó mọ ìjálá, kò sì sí ẹni tí ó lè rí i fín nínú ẹ̀kọ́ ìró ohùn. Bí ó bá gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì sórí ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ náà á máa kà á geere bí omi. Bí ó bá gbé ìwé Yorùbá sí i, ohùn Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni yóò fi kà á: ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀ àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọgbọọgba ni gbogbo wọn lẹ́nu rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ náà á dákẹ́ pátápátá. Àwa ni a ó wá jókòó kà á fún un, bí ó bá bọ́ sí àsìkò tí ọwọ́ wa dilẹ̀.

Mo wádìí ìdí rẹ̀, mo sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ó jẹ̀bi. Èkíní, púpọ̀ nínú ìwé tí a ń pín fún ara wa jẹ́ fọ́tò ojú ewé. Fọ́tò kì í ṣe lẹ́tà. Ẹ̀rọ kò rí ohun tí yóò kà níbẹ̀. Èkejì, àwọn ìwé kan wà tí a fi lẹ́tà kọ̀ǹpútà àtijọ́ tẹ̀, tí ó jẹ́ pé àmì mìíràn ni ó wà nídìí ohun tí ojú wa ń rí bí ẹ àti ọ. Ẹ̀kẹta ni ó dùn mí jù: àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Ní 1875 ni àwọn baba wa ti pàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí. Ǹjẹ́ ó yẹ kí àwa ọmọ wọn máa kọ ọ́ bí ẹni tí ń sá fún òjò?

Àwọn kan yóò sọ pé ìjọba ni kí ó ṣe é. Òótọ́ ni pé òfin ti wà. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní 2019 lórí àwọn aláàbọ̀ ara sọ pé kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tí ó kọ́ nípa ìtọ́jú ẹ̀kọ́ wọn, kí bíréèlì sì wà nínú ohun tí a ń kọ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibùdó kan tí kọ̀ǹpútà kún inú rẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì nítorí pé ẹni kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ọ́n lò ti lọ. Ẹ̀rọ láìsí olùkọ́, ẹrù lásán ni.

Àwọn mìíràn yóò ní lítíréṣọ̀ alohùn ni tiwa, kí ẹni tí kò ríran máa fi etí gbọ́ ọ. Ó dára. Àmọ́ ṣé alohùn ni ìdánwò wa? Ṣé alohùn ni àpilẹ̀kọ tí a ó fi gboyè?

Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ìwé tí a tẹ̀, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a máa fi àmì sí ohun tí a bá kọ, nítorí ẹ̀rọ kò lè pe ohùn tí a kò kọ sílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ wa yan àwọn tí yóò máa ka ìwé àkàkọ́ṣẹ́ sínú fóònù ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ẹ̀ka wa àti ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sì jọ jókòó lórí ohùn tí yóò ka Yorùbá bí Yorùbá. Wọ́n mọ ẹ̀rọ, àwa mọ dò-rè-mí. Ẹnì kan kò lè dá a ṣe.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí èdè Yorùbá má ṣe di ilé tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ọmọ onílé síta.