Àwòrán Òṣìṣẹ́ lára Ògiri Wa

Bí ènìyàn bá wọ pálọ̀ àwọn onílé ní Ọ̀rẹ̀ tàbí ní Odìgbó, kí ni yóò rí lára ògiri? Àwòrán onílé nínú agbádá, kàlẹ́ńdà ìwúyè àti ti ìsìnkú, àti nígbà mìíràn òkè oníyìnyín ilẹ̀ òkèèrè. A kò rí alágbàṣe tí ń la kòkó; a kò rí ẹni tí ń kọ ẹyìn, tàbí àwọn tí ń ti ìtì igi sí ẹnu ayùn ní ilé ìlagi. Síbẹ̀, láti ọwọ́ wọn ni owó tí a fi mọ ògiri náà ti wá.

Ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀ ní Washington, nínú ilé tí àwọn Ààrẹ Amẹ́ríkà ń gbé. Ní ọdún 2007 ni a ra àwòrán kan fún ilé náà, èyí tí Jacob Lawrence, aláwọ̀ dúdú, yà ní 1947. Àwọn tí ń kọ́lé ni ó yà, lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Lawrence kì í sì í ṣe àjèjì sí wa: ní 1962 ó kó àwòrán rẹ̀ wá sí Ìbàdàn àti Èkó, ní 1964 òun àti aya rẹ̀ padà wá, wọ́n gbé láàrin wa fún oṣù mélòó kan, ó sì ya àwọn ọjà wa.

Àwọn kan yóò wí pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò jọ ènìyàn, pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ tóbi jù. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ní orí tó ti ère ìbejì? Orí ni agbẹ́gilére fẹ́ kí a wò; ọwọ́ ni Lawrence fẹ́ kí a wò. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ pàápàá gbẹ́ àwọn aláàárù sára ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́, èyí tí a gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924.

Ṣùgbọ́n ohun tí ń kọ wá lóminú ju ọ̀ràn ẹwà lọ. Ní ilé-ìwé wa, iṣẹ́ oko ti di ìjìyà: ọmọ tí ó bá pẹ́ dé, kí ó lọ gé koríko. Ọmọ tí a kọ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò dàgbà tán tí yóò máa yan alágbàṣe jẹ lórí owó iṣẹ́ rẹ̀, pàápàá ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá.

Nítorí náà, a ń bẹ Ìjọba Ìbílẹ̀ Odìgbó, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ọ̀rẹ̀, kí ó pe ayàwòrán kan láti ya iṣẹ́ agbègbè yìí sára ògiri gbọ̀ngàn rẹ̀. Kí ayàwòrán náà kọ́kọ́ jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ ní oko àti ní ilé ìlagi fún ọjọ́ díẹ̀, kí a sì san owó fún àwọn tí ó bá yà. Ní ọjọ́ tí a ó bá ṣí aṣọ lójú àwòrán náà, àwọn ni kí a fi sí ìjókòó iwájú.