DVD tí ẹ ní ó pé yẹn, ta ló kà á?

Ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀.

Láti bí ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń rí i tí ẹ ń pín in kiri: "Netflix ń ba àwọn sitcom àtijọ́ jẹ́, ẹ lọ ra DVD, DVD kì í purọ́." Ó dùn létí. Èmi náà fẹ́ràn DVD. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. DVD máa ń purọ́, ó sì ti ń purọ́ látìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

(Ẹ̀yin tí ẹ ra 24-in-1 lábẹ́ bíríìjì, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ̀yin ò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí.)

Ẹ jẹ́ ká mú The Cosby Show. Eré yẹn bẹ̀rẹ̀ lórí NBC ní 1984. Nígbà tí sáà àkọ́kọ́ jáde lórí DVD ní Amẹ́ríkà ní 2005, àwọn tó rà á gbé e sí i, wọ́n wá rí i pé àwọn ibi tí wọ́n mọ̀ dunjú ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gé e. Ọdún yẹn náà ni sáà àkọ́kọ́ Roseanne jáde, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí i.

Báwo ló ṣe jẹ́? Tí eré bá ti ṣe tán lórí ìkànnì tó kọ́kọ́ gbé e jáde, wọ́n máa ń tà á fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n káàkiri ìlú kí wọ́n máa tún un fi hàn. Àwọn yẹn fẹ́ àyè sí i fún ìpolówó ọjà. Eré tó jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 24 látilẹ̀ á wá di 22. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ ṣe DVD dé, téèpù tí wọ́n ti gé yẹn ló wà nílẹ̀ ní sẹpẹ́. Ó gbé e, ó dà á sórí DVD, ó kọ "Sáà Àkọ́kọ́" gàdàgbà síwájú páálí. Owó odindi ló sì gbà lọ́wọ́ yín.

Ẹ má wá sọ fún mi pé "ìṣẹ́jú méjì péré". Àwàdà ni, kì í ṣe ìròyìn aago mẹ́sàn-án. Nínú eré bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbin ọ̀rọ̀ kékeré kan síbẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ títí a ó fi gbàgbé. Ìparí ni ọ̀rọ̀ yẹn á tó hù, gbogbo ilé á wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó mú àlùmọ́gàjí dání, ibi tí "nǹkan kan ò ti ṣẹlẹ̀" ló ń wá. Ibi tí wọ́n gbin ọ̀rọ̀ sí gan-an nìyẹn! Ó gé ibẹ̀, ìparí dé, ẹ ò rẹ́rìn-ín, ẹ wá ń sọ pé eré àtijọ́ ò dùn. Eré àtijọ́ ò ṣe yín ní nǹkan kan o.

Ti orin ló wá ń bí mi nínú jù.

WKRP in Cincinnati, CBS, 1978 sí 1982. Eré nípa ilé iṣẹ́ rédíò ni, torí náà orin gidi ni wọ́n ń lò níbẹ̀, orin rọ́ọ̀kì tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn. Orí fídíò téèpù ni wọ́n ya á sí dípò fíìmù, torí owó àṣẹ orin kéré fún téèpù nígbà náà. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n àṣẹ yẹn ní ọjọ́ tó máa tán, ta ló sì ń ro DVD ní 1978? Nígbà tó tán, wọ́n yọ orin kúrò, wọ́n fi orin kan tí kò lórúkọ rọ́pò. Níbi tí òṣèré bá ti ń sọ̀rọ̀ bí orin ṣe ń lọ, wọn ò lè yọ orin kí ohùn má bá a lọ. Ni wọ́n bá wá àwọn tí ohùn wọn jọ tàwọn òṣèré náà, wọ́n ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Ẹ tún un kà. Ohùn ẹlòmíì ni wọ́n kì bọ òṣèré lẹ́nu.

Ìpín kan wà nínú rẹ̀ tó lókìkí, "Turkeys Away", èyí tí wọ́n ti ń ju tòlótòló láti inú hẹlikọ́pítà. Níbì kan níbẹ̀, Ọ̀gá Carlson wọlé bá Johnny Fever níbi tó ti ń lu orin Pink Floyd tó ń jẹ́ "Dogs". Ajá ń gbó nínú orin náà. Bàbá wá ń bi í bóyá ajá lòun ń gbọ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, orin wo lẹ fẹ́ fi rọ́pò ìyẹn? Tẹ́ ẹ bá fi ìlù lásán síbẹ̀, bàbá ti di ẹni tí orí ẹ̀ ò pé nìyẹn. Nínú DVD sáà àkọ́kọ́ tó jáde ní 2007, wọ́n kúkú gé ibẹ̀ sọnù pátápátá.

Married... with Children náà ńkọ́? "Love and Marriage" ti Frank Sinatra ni wọ́n fi ń ṣí i. Àwàdà àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìpín nìyẹn: orin ń yin ìgbéyàwó, Al Bundy jókòó sórí àga, ìyàwó àtọmọ ń gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti sáà kẹta lọ, DVD wọn ò ní orin yẹn mọ́. Àga wà ńbẹ̀, owó wà ńbẹ̀, ẹ̀rín ti lọ.

Mo mọ̀ pé àṣẹ orin wọ́n. Èmi tí mo ń fi fídíò jẹun, wọ́n ti pa ohùn fídíò mi rí nítorí orin tó ń dún bọ̀ láti òde ìsìnkú kejì ilé wa. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá! Mi ò ní kí olórin má gbowó ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹni tó gé nǹkan kọ ọ́ síwájú páálí, ní lẹ́tà tí ojú lè rí, kí n tó mówó jáde. Ó sì ṣeé ṣe láti má gé e rárá. Àwọn tó tún gbé WKRP jáde ní 2014 sanwó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú orin náà padà. Ti Cosby, àwọn oníbàárà pariwo, sáà kejì sì jáde ní odindi. Ariwo ló ṣe é o, kì í ṣe àánú.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú yín ni pé kò sẹ́ni tó lè wá yọ nǹkan lára DVD tó ti wà nílé yín. Ní 2020, wọ́n yọ ìpín mẹ́rin nínú 30 Rock kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí àwọn tó kun ojú ní dúdú. DVD àtijọ́ ò mira. Ní 2021, Seinfeld dé orí Netflix ní fífẹ̀, wọ́n ti gé òkè àti ìsàlẹ̀ àwòrán kó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n, débi pé nínú ìpín "The Pothole", ẹ ò rí kòtò tí wọ́n ń sọ. Ìyẹn burú. Ṣùgbọ́n pé ti Netflix burú ò sọ ti páálí yín di mímọ́.

Àti pé èwo lẹ tiẹ̀ ń pè ní ojúlówó? DVD Friends ti Amẹ́ríkà gùn ju ohun tí NBC gbé jáde lọ, torí wọ́n dá àwọn ibi tí wọ́n ti gé tẹ́lẹ̀ padà sí i. Blu-ray dé ní 2012, ẹ̀dà ti NBC ni wọ́n lò, àwọn ibi yẹn pòórá. I Love Lucy ti 1951, àwòrán ọkàn tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, ìgbà tí wọ́n ń tún eré náà fi hàn ni wọ́n ṣe é. Níbẹ̀rẹ̀, àwòrán Lucy àti Desi kéékèèké tó ń polówó sìgá Philip Morris ló wà níbẹ̀. Èmi ò bá ẹ̀dà kankan jà. Ẹ ṣáà sọ èyí tí ẹ ń tà fún mi.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó tún pín "DVD kì í purọ́" kiri, ẹ lọ gbé tiyín sí i kẹ́ ẹ wo aago. Eré ọdún 1984 tó bá parí ní ìṣẹ́jú 22, ẹ ya páálí ẹ̀ wá fún mi, kẹ́ ẹ kọ ọdún tó jáde sí i, mo fẹ́ kó wọn jọ. Ẹni tó bá sì ní Married... with Children sáà kejì àti ìkẹta, ẹ gbé méjèèjì sí i tẹ̀ léra, kẹ́ ẹ gbọ́ ibi tí Sinatra ti dákẹ́.